Bí Mo Ṣe Wá Ẹ̀gbọ́n Mi Dé Ayé Ìrúwé

Èmi Ọdẹ́rìndé tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo yìnbọn lu ìjì ní ọdún kan báyìí. Ìjì náà ń bọ̀ láti orí òkè Agbéwì, ó ń ṣí òrùlé, ó ń fa ọ̀pẹ tu bí ẹni ń fa ẹ̀fọ́ nínú ọgbà. Mo fi orúnkún kan kúnlẹ̀, mo wojú rẹ̀ kòró, mo yìn ín níbọn ní agbárí, ó sì ṣubú gbì sí ẹ̀yìnkùlé wa. A kun ún bí ẹran. Gbogbo ìlú jẹ ẹran ìjì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Àwọn tó jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń gùfẹ̀ títí di òní olónìí, inú wọn kò sì yé kùn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ wá ìjì náà rí, kó bi í. Ṣé ẹ tún gbúròó rẹ̀ láti ìgbà yẹn?

Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹ sì rín in tán, nítorí ibi tí mo ń mú yín lọ báyìí kì í ṣe ibi tí eyín ń hàn sí. N kò ní yọ yín lẹ́nu pẹ̀lú bí mo ṣe jí, bí mo ṣe rin orín, àti iye iṣu tí mo jẹ kí n tó jáde nílé. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìròyìn iṣu lẹ́nu ọdẹ? Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdẹ́níyì lorúkọ rẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wa, òun ló sì kọ́ mi ní ọdẹ láti ìgbà tí ìbọn ti ga jù mí lọ. Ènìyàn jẹ́ẹ́ ni. Bí ó bá pa etu kan, á ní òun pa etu kan. Èmi tí mo bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etu yẹn á ti di mẹ́rìnlá lẹ́nu mi kí a tó dé ẹnubodè, á sì kàn máa wò mí, á máa mi orí, á máa rẹ́rìn-ín sínú. Àwa méjèèjì la jọ wọ Igbó Aláròó ní ọjọ́ kan, tí a tọ ipasẹ̀ àgbọ̀nrín dé ìdí àpáta ńlá kan tó là ní àárín. Ìmọ́lẹ̀ pupa kan ń ti inú lílà náà jáde, kò sì jọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn wa rárá. Ẹ̀gbọ́n mi kó sínú rẹ̀. Bí ó ṣe kù síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Èmi nìkan ni mo padà wálé.

Nígbà tí mo délé, tí àwọn ọdẹ yí mi ká, ẹnu mi kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo ní ẹkùn ló pa á. Irú ẹkùn wo? Mo ní ẹkùn tó ga tó àká àgbàdo, mo ní mo fi ọwọ́ lásán fà á ya sí méjì, mo sì fi ìbínú jẹ ẹ́ tìrun-tìrun. Àwọn ọdẹ sunkún, wọ́n sì gbà mí gbọ́, nítorí nínú ẹgbẹ́ tiwa, èèwọ̀ ni kí ọdẹ kan bi ọdẹ kejì pé ṣé bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí o bá ní o pa ogún, ogún ni. Olúọdẹ wa, Baba Akínṣọ̀wọ́n, dá ọjọ́ kẹsàn-án fún ìṣípà ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ, ìṣípà ni ohun tí a ń ṣe fún ọdẹ tó kú. A ó gbẹ́ ère igi kan, a ó wọ aṣọ ọdẹ rẹ̀ fún un, a ó dé e ní fìlà rẹ̀, a ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ ọ léjìká, a ó wá gbé e lọ fi sílẹ̀ nínú igbó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a fi ọkùnrin náà lé igbó lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, igbó ló ni ín. Kò sí ọ̀nà àbọ̀ fún un mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń mí níbi tó wà.

Gbogbo ènìyàn ló gbà, àfi Ìbídùn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Kò sunkún, kò pariwo. Ó kàn jókòó tì mí.

"Ọkọ mi," bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí nítorí pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ni mí, "awọ ẹkùn náà dà?"

"Mo jẹ ẹ́ ni, ìyàwó wa."

"Tawọ-tawọ?"

"Inú ló bí mi."

"Egungun rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo fọ́ ọ jẹ."

"Egungun ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Ṣé ẹ jẹ ìyẹn náà ni?"

Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "N kò ní tú irun orí mi," ó ní, "n kò sì ní wọ aṣọ ọ̀fọ̀ fún ẹni tí n kò rí èékánná rẹ̀." Láti ọjọ́ náà ló ti ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà, tó sì ń gbé e kúrò bí ó bá ti tutù. Mo rí i lẹ́ẹ̀mẹfà. Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, mo gbé ìbọn mi, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo padà sí ìdí àpáta náà. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí n mú ẹ̀gbọ́n mi wálé kí wọ́n tó gbé aṣọ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án.

Lílà àpáta náà fún débi pé mo ní láti mí jáde kí n tó lè wọ̀ ọ́. Mo fi ìhà wọlé ní Igbó Aláròó, mo fi ìhà jáde lábẹ́ òfuurufú mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé jù mí lọ, tí ẹ kọjá kíláàsì kẹrin tí tíṣà ti fi pàṣán lé mi jáde, ẹ mọ̀ ọ́n nínú jíọ́gíráfì pé ayé tiwa kọ́ ni ayé kan ṣoṣo, pé àwọn mìíràn wà lókè tí wọ́n rí roboto bí ọsàn, tí wọ́n ń yí kiri. Nígbà náà, mo ní tíṣà ń parọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo ti fi bàtà mi méjèèjì tẹ ọ̀kan nínú wọn. Ìrúwé lorúkọ rẹ̀.

Oòrùn méjì ló ní. Èyí àgbà tóbi, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó dúró gbagidi sójú kan ní ìsàlẹ̀ òfuurufú, kì í yọ, kì í wọ̀, ó kàn ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹyín iná tí kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ẹ. Èyí kékeré funfun, ó ń sáré yí ayé náà ká bí ọmọ tó ń wá ìyá rẹ̀. Nítorí náà ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í mọ́ dáadáa. Òṣùpá wọn ti fọ́. Àpáàdì rẹ̀ ló fọ́n káàkiri ojú ọ̀run, ó tó ọgọ́rùn-ún, ó ń dán bí àwo tanganran tó já lọ́wọ́ ìyàwó. Odò wọn ń gòkè ni, kì í sọ̀ kalẹ̀: láti inú òkun ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tó ń pọ́n òkè lọ láìpariwo, tó fi ń kú sí orí òkè gẹ́gẹ́ bí ìkùukùu. Òkun náà kò jọ òkun rárá. Kò mì. Mo rìn lórí rẹ̀ dé àárín, mo sì fi ìdí ìbọn lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ró gbọnrangandan débi pé òkè mẹ́rin wó ní ìhà kejì ayé náà. Ìhà gúúsù jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀. Ìhà àríwá jẹ́ eérú. Àárín méjèèjì nìkan ni igbó kù sí. Ewé ń já bọ́ nínú igbó náà láìsí atẹ́gùn, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí ẹni pé ẹnìkan jókòó síbìkan tó ń kà wọ́n.

Ẹran kún ibẹ̀. Mo rí àgbọ̀nrín tí ìwo rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka igi tòótọ́, tó ń so èso pupa. Bí èso tó gbẹ̀yìn bá ti bọ́, ẹran náà á dùbúlẹ̀, á kú. Mo rí ẹja tó ń wẹ̀ nínú ìkùukùu, mo fi fìlà gbọ́n mẹ́fàlélọ́gọ́ta nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì yọ́ dànù lọ́wọ́ mi bí èémí. Mo rí ẹyẹ funfun tó ń fò sẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ kọ sí ibi tó ti ń bọ̀, nítorí pé kò fẹ́ rí ibi tó ń lọ. Èmi tí ọwọ́ mi máa ń yún mi bí mo bá gbọ́ ìró ewé lásán, n kò lè gbé ìbọn sókè níbẹ̀. Ẹran tó bá rí mi kì í sá. Ṣe ló ń dúró, tó ń wò mí bí a ti ń wo àlejò tó dé lẹ́yìn ìsìnkú.

Ibi tí mo ti ń wò wọ́n ni ọkùnrin kan ti gun ìgbín dé bá mi. Ìgbín náà tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọgbà ẹ̀fọ́ wà lórí ìkarahun rẹ̀, àga kan sì wà láàárín ọgbà náà. Ọkùnrin tó jókòó sórí àga ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ funfun dé ìdí, etí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó sókè bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì là. Ojú rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé, kì í ṣe ti àgbà. Gbogbo ará Ìrúwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí. Èyí ni Ìrìsẹ̀, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ayé wọn.

"Ẹ kú ìrìn o," ni ó wí.

Yorùbá! Yorùbá ìlú wa gan-an, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń fa ẹnu sọ ọ́. Ara mi bù máṣọ.

"Ta ló kọ́ ọ ní èdè yìí?"

"Ọkùnrin tó ń dúró dè ọ́ ni. Ọdún méje ló fi kọ́ gbogbo wa."

"Ọdún méje kẹ̀? Ọjọ́ méje péré ló ṣe tó kúrò nílé!"

"Ọjọ́ kan lọ́dọ̀ yín, ọdún kan lọ́dọ̀ wa," ni Ìrìsẹ̀ dáhùn. "Kí n tó gbé ọ gun ìgbín mi, já àlọ́ kan fún mi. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin wọ igbó, ó fi ẹsẹ̀ méjì jáde. Kí ni?"

"Ajá tí ẹkùn jẹ ìdajì rẹ̀."

"Rárá."

"Tábìlì tí káfíńtà ọ̀lẹ kàn."

"Rárá."

"Ó dáa, mo gbà fún ọ. Kí ni?"

"Ọdẹ méjì," ni ó wí. Ó wá tẹjú mọ́ ọwọ́ mi méjèèjì. "Àbí ìwọ kọ́ ni àbúrò tó lọ mú okùn wá? Okùn náà dà?"

"Okùn wo?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ní nígbà tí àpáta fún òun mọ́lẹ̀, o sáré lọ mú okùn láti fi fa òun jáde. Láti ìgbà tí àpáta náà ti gbé e mì sọ́dọ̀ wa, bí a bá bi í pé kí ló ń dúró dè, okùn ló ń sọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi, kì í gbẹ pẹ́. "Okùn tí mo ń mú bọ̀," mo ní, "ó gùn débi pé mo ti dé ibí tán, ìrù rẹ̀ kò tíì kúrò nílùú wa. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ewé kan já bọ́ láti orí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìrìsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ìgbín, ó bẹ̀rẹ̀, ó he é, ó fi sí àyà.

"Ó gbọ́ ọ," ó ní.

"Ta ló gbọ́ mi?"

"Ẹni tó dúró síbẹ̀ yẹn. Ìyá tó bí ìyá mi ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gun ìgbín. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé ọkọ̀ yín kì í sáré, ẹ lọ gun ìgbín kẹ́ ẹ rí nǹkan. Ọdún kan àti oṣù mẹ́wàá ni a fi rìn dé ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà. Mo ń fi ọ̀bẹ gé àmì sára ìdí ìbọn mi kí n má baà gbàgbé iye ọjọ́ tó kù nílé, irùngbọ̀n mi sì gùn débi pé ẹyẹ bí ọmọ mẹ́ta nínú rẹ̀. Lójú ọ̀nà ni Ìrìsẹ̀ ti sọ ìtàn wọn fún mi. Ó ní àwọn kì í kú bí àwa ṣe ń kú. Ẹni tí ayé bá sú nínú wọn á yan ibi kan, á dúró síbẹ̀, á ta gbòǹgbò, á di igi. Gbogbo ohun tó fojú rí láyé á sì wà nínú igi náà. Wọn kò kọ ìwé ìtàn rí. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n á lọ fara ti igi ẹni tó wà níbẹ̀. Nígbà kan, wọ́n pọ̀ bí eṣú. Ọba kan tó ń jẹ́ Sẹ́rúlú ló ba ti wọn jẹ́. Ó jagun, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ìtàn sọ pé òun ló borí. Igi kò sì gbà láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n gé gbogbo igi tó rí ogun náà. Wọ́n fi ọgọ́rùn-ún ọdún gé e, wọ́n sì sun ún. Eérú yẹn ló wà ní àríwá. Ọjọ́ tí igi tó kẹ́yìn wó ni òṣùpá fọ́. Láti ọjọ́ náà, obìnrin kan kò tún bímọ ní Ìrúwé, irọ́ sì di májèlé fún àwọn igi tó kù. Irọ́ kan, ewé kan. Ìrìsẹ̀ ní àwọn tó kù tí wọ́n ṣì ń rìn kò ju igba ó lé mẹ́fà lọ.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ó bi mí. "Ṣé ẹ kì í parọ́ lọ́dọ̀ yín?"

"Rárá o," mo ní. Ewé mẹ́ta bọ́.

Orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀ ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Nítorí pé oòrùn wọn jẹ́ méjì, òjìji méjì ni olúkúlùkù ní níbẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Ẹranko kan sì wà tó ń jẹ òjìji. Ajòjìji ni wọ́n ń pè é. Ó pẹlẹbẹ bí ẹní, kò lẹ́sẹ̀, ó ń ṣàn lórí ilẹ̀ bí omi ìdọ̀tí, abẹ́ rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà. Bí ó bá jẹ òjìji rẹ kan, òtútù á máa mú ọ títí ayé. Bí ó bá jẹ méjèèjì, kò ní sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ènìyàn rẹ tí yóò rántí rẹ mọ́, títí kan ìyá tó bí ọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ìgbín láti tọ̀, kí n tó tún ṣòkòtò so, ó ti dé gìgísẹ̀ mi. Mo yìnbọn lù ú, ọta wọ inú rẹ̀ gbin bí òkúta tó wọ odò. Ni mo bá yára bọ́ gbérí mi, aṣọ ọdẹ mi, mo fi ẹnu ìbọn gbé e sókè, mo ń jù ú bí àsíá. Òjìji rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sórí iyọ̀ bí ọkùnrin sísanra méjì. Ajòjìji yí padà, ó gbé méjèèjì mì, mo sì fò gun ìgbín lójú kan náà, mo bẹ́ sókè tó ìlọ́po méje ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún wo gbérí náà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ibi tí mo ti rí i.

"Ìrìsẹ̀," mo ní, "aṣọ ta nìyí?"

"Nígbà tí a gbéra," ó ní, "o sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n rẹ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an fún ọ." Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun nínú mi tó rántí rẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kò sí.

Àmì tó kẹ́yìn ni mo ń gé lọ́wọ́ nígbà tí a dé pápá kan, èyí ni pé ọjọ́ kẹsàn-án ti mọ́ nílé, àwọn ọdẹ sì ti ń wọ aṣọ fún ère. Ẹ̀gbọ́n mi dúró láàárín pápá. Orí rẹ̀ ti funfun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ilẹ̀ dé agbede ojúgun, èèpo igi ti bo ìyókù dé ìsàlẹ̀ orúnkún, ewé tútù sì ń hù nínú irun rẹ̀. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń bu omi sí i lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Ewérọ nìyẹn, olùtọ́jú àwọn igi wọn. Ẹ̀gbọ́n mi rí mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Àdìgún," ó fi oríkì mi pè mí, "okùn yìí mà ṣòro rí o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà ló jìn."

"Mo ń sọ fún wọn. Mo ní ọ̀nà jìn, àbúrò mi ń bọ̀. Ìbídùn ńkọ́?"

"Ó wà. Kò tíì tú irun rẹ̀."

"Hẹn-ẹ́n." Ó mi orí. "Ṣé wọ́n ń rí ẹran jẹ?"

Ewérọ gbé igbá omi rẹ̀ kalẹ̀, ó dojú kọ mí. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀.

"Ẹnìkan nílé yín ló sọ pé ó ti kú," ó ní. "Ìgbà tí wọ́n dá ọjọ́ ìṣípà rẹ̀ ni gbòǹgbò yìí bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó lónìí, á kọjá orúnkún, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí a fi ń hú ẹni tí kò tíì tó àkókò rẹ̀. Kí ẹni tó rí i gbẹ̀yìn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, kó sọ bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Bí ó ṣe rí. Láìfi kún un, láìyọ kúrò. Bí o bá sọ ọ́ tán, ẹ jọ máa lọ sílé."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Èmi tí mo ti fi ẹnu yìí pa ẹ̀fọ̀n, pa erin, pa ìjì! Àwọn ará Ìrúwé ti ń kó jọ, igba ó lé mẹ́fà, gbogbo wọn, wọ́n tò yí pápá náà ká pẹ̀lú etí ṣóńṣó wọn. Mo yọ àyà síta. "Ní ọjọ́ tí a wọ igbó náà," mo ní, "irinwó ẹ̀fọ̀n ló jáde sí wa..." Ewé mẹ́rin bọ́ kúrò lórí ẹ̀gbọ́n mi, gbòǹgbò sì fò dé abẹ́ orúnkún rẹ̀. Ó kérora.

"Má fi ṣeré, Àdìgún," ó ní jẹ́ẹ́. "Ó ń dùn mí."

Bí mo ṣe tún un bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo sì sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Ẹ má bi mí bí ó ṣe nira tó. Mo ní: a tọ ipasẹ̀ àgbọ̀nrín kan. Ọ̀kan. Gbòǹgbò dẹ̀. Mo ní: a dé ìdí àpáta tó là, mo ní kí a padà, ó ní kí òun wò ó. Òtítọ́ ni, èèpo igi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Mo ní: ó wọ inú rẹ̀, àpáta náà pa dé mọ́ ọn ní ìbàdí, orin kan sì ń ti inú ilẹ̀ jáde tó ba mí lẹ́rù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ jáde nínú ilẹ̀, ó funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Mo ní: ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Àdìgún, fà mí." Ẹsẹ̀ òsì jáde. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kù nínú ilẹ̀, ọmọ-ìka kan ṣoṣo, mo ń wò ó.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?" ni Ewérọ wí.

Mo gbójú sókè, mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti rántí ohun tí wọ́n rán an, nítorí pé òun ti mọ ohun tó kù, òun ti fi ọdún mẹ́sàn-án sọ ọ́ fún gbogbo ayé náà, inú rẹ̀ sì dùn pé wọ́n máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi wàyí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù. Mo sá lọ. Ọmọ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú lè pè é. N kò mú ọwọ́ yẹn. Mo wò ó, mo yí padà, mo sá lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe níwájú ojú yẹn.

"Mo sáré," mo ní, "mo lọ mú okùn wá."

Ewé tó wà lórí rẹ̀ já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ pátá, bí ẹni tú apẹ̀rẹ̀ dànù. Ilẹ̀ la ẹnu, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì mì, èèpo igi ń gun ara rẹ̀ bọ̀ tó ń dún wẹ́kúwẹ́kú, ó kọjá orúnkún, ó dé itan. Kò kérora lọ́tẹ̀ yìí. Ó mú ewé kan tó bọ́ sí èjìká rẹ̀, ó yí i wò níwá, ó yí i wò lẹ́yìn.

"Kò sí okùn," ó ní.

Kì í ṣe ìbéèrè. Kò sì sọ ọ́ sí mi, ewé ló sọ ọ́ sí.

"Irọ́ ni!" Ẹnìkan ló pariwo bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ará Ìrúwé, igba ó lé mẹ́fà sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń bọ̀ wá bá mi, wọn kò yára, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Ewérọ na ọwọ́ sí apá mi. "Ó ṣì kù díẹ̀," ó ń wí, "sọ ọ́, ó ṣì kù díẹ̀, sọ ọ́!" Mo já ọwọ́ gbà. Mo ju ìbọn sílẹ̀. Mo ki eré mọ́lẹ̀, mo kọrí sí ìhà àpáta tí mo gbà wọlé, mo gba àárín àwọn igi kọjá, ewé ń bọ́ lé mi lórí, gbòǹgbò ń yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ojú mi kò sì rí ibi tí mo ń lọ mọ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn mi, ohùn ńlá tó fi máa ń pè mí nínú igbó. Mo rò pé èpè ló ń bọ̀.

"Àdìgún! Yà sọ́tùn-ún! Kòtò wà lósì! Tẹrí ba, ẹ̀ka ń bọ̀! Yà sọ́tùn-ún, àbúrò mi!"

Mo tẹrí ba. Mo yà sọ́tùn-ún. N kò bojú wẹ̀yìn.